Àkànní, ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì wa kò bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ Freeman

Àkànní ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Inú mi dùn gan-an pé ìwọ ni wọ́n ní kó kọ ìtàn ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wa ní Àgbádárìgì sínú ìwé àjọ̀dún, mo sì ti ka èyí tó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó dáa o, àmọ́ Freeman tó jẹ́ míṣọ́nnárì lo fi bẹ̀rẹ̀, Freeman náà lo fi parí ẹ̀.

Lóòótọ́, 24 September 1842 ni Thomas Birch Freeman gúnlẹ̀ s'Àgbádárìgì. Ṣùgbọ́n ta ló pè é? Àwọn Sàró ni, àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí tí wọ́n kó lẹ́rú, tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà wọ́n sílẹ̀ lójú òkun tó kó wọn lọ sí Freetown, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti di ọmọ Mẹ́tọ́díìsì, nígbà tí wọ́n wá padà síbí kò s'ójíṣẹ́ Ọlọ́run tó máa bójú tó wọn, ni James Ferguson, ọ̀kan nínú wọn, bá kọ̀wé ní 1841 pé kí wọ́n rán èèyàn wá. Gbé Ferguson síwájú, jọ̀ọ́.

Freeman fúnra ẹ̀ kò pẹ́ níbí, ó lọ kí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, l'Ábẹ́òkúta ní December ọdún yẹn, nígbà tó yá ó padà sí Gold Coast, ìyẹn Ghana òde òní. Àwọn tó dúró ni William de Graft, ọmọ Fante, àti ìyàwó ẹ̀, àwọn ló ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ níwèé. O ò tiẹ̀ dárúkọ ìyàwó yẹn rárá! Ìlà mẹ́rin lo kọ lórí igi Agia, igi tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ ẹ̀ ní Àgbádárìgì, tó wó ní 1959, o ò kọ ẹyọ kan lórí obìnrin.

Tíkẹ́ẹ̀tì kíláàsì ìyá mi àgbà, ìyẹn káàdì tó fi hàn pé ọmọ ìjọ ni wọ́n, ṣì wà nínú Bíbélì wọn, etí ẹ̀ ti ń já, orúkọ wọn ṣì hàn níwájú ẹ̀ pẹ̀lú tàdáwà. Irú ìwé báyìí pọ̀ nílé àwọn èèyàn, lọ béèrè, kó o yà á ní fọ́tò, má gbà á lọ́wọ́ wọn o. Tí wọ́n bá sì fẹ́ kó ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ dànù ní fẹ́sìrì, yàrá kékeré inú ṣọ́ọ̀ṣì, torí ikán, bá wọn jà sí i.

Mámà tó jẹ́ lídà kíláàsì wa tẹ́lẹ̀ ṣì rántí orúkọ àwọn tó ru yanrìn kọ́ ilé ìsìn. Àárọ̀ ni kó o lọ, torí ó máa ń tètè rẹ̀ wọ́n, gbé fóònù ẹ dání, kí ìwé náà má tíì lọ sílé ìtẹ̀wé kó o tó débẹ̀.

Èmi ìyá ẹ