Kó o tó gbé ìwọ̀, kó o tó gbé ìbọn: lẹ́tà sí Dàpọ̀

Abẹ́òkúta

Dàpọ̀ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, Kánádà ńkọ́? Gbogbo wa níbí wà dáadáa, a dúpẹ́. Mo gbọ́ fọ́ìsì nóòtì ẹ, mo tún un gbọ́, mo wá rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti wọ̀ ẹ́ lára gan-an, pé tó o bá wálé ní December o fẹ́ pẹja, o fẹ́ dọdẹ, o tún fẹ́ wa ọkọ̀ ojú omi. Inú mi dùn sí i ju bó o ṣe rò lọ, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ẹni tá a jọ máa máa ṣe é, bọ́ọ̀lù Yúróòpù ni tàwọn ọ̀rẹ́ wa tó kù nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn pọ̀ ju ohun tí mo lè fi fóònù sọ lọ, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Jọ̀ọ́, kà á tán o.

Ohun tí mo fẹ́ kó o dì mú ni pé kó o mọ omi kó o tó mọ ìwọ̀, kó o sì mọ igbó kó o tó mọ ìbọn. Àwọn tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọjà ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré lọ, wọ́n á ra ọ̀pá ìwọ̀ olówó ńlá, wọ́n á ra fìlà, wọ́n á ra bàtà, tí wọ́n bá wá dé etí omi tán wọn ò mọ ibi tí ẹja ń gbé, wọn ò mọ ìgbà tí afẹ́fẹ́ máa ń dé, ọkọ̀ gan-an ẹ̀rù ẹ̀ ń bà wọ́n. Torí náà má tíì ra nǹkan kan, àfi ohun ẹyọ kan tí mo máa sọ fún ẹ nísàlẹ̀.

Ọyán la máa lọ. O rántí dáàmù yẹn, èyí tí Shagari ṣí ní 1983 kó lè máa fún Abẹ́òkúta àti Èkó lómi? Kò ju nǹkan bí 20 kìlómítà sígboro lọ, omi ẹ̀ sì fẹ̀ débi pé láàárọ̀ ọyẹ́, o ò ní rí òdìkejì dáadáa. Mo mọ̀ pé Odò Ògùn ní Láfẹ́ńwá lọ́kàn ẹ ń lọ, torí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ la ti dàgbà, ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó o bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní December omi ẹ̀ á ti fà, àpáta á ti yọrí síta káàkiri, ọkọ̀ á kàn máa há. Tó bá sì jẹ́ ìgbà òjò, pàápàá September sí October, ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ̀. Ibi tí odò yẹn ti ṣẹ̀ wá jìn, apá Ṣakí lọ́hùn-ún ni, gbogbo òjò tó bá rọ̀ lójú ọ̀nà ló ń kó bọ̀, inú ẹ̀ náà ni Ọyán ń ṣàn sí, tí wọ́n bá wá ṣí géètì dáàmù lókè, omi tó o rí lórúnkún láàárọ̀ lè mù ẹ́ dé àyà kílẹ̀ tó ṣú. Odò Yemọja ni, àgbàlagbà odò ni, ẹ jẹ́ ká fún un lọ́wọ̀ ẹ̀.

Ọkọ̀ wíwà la máa fi bẹ̀rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wà nìkan ló lè dé ibi tí ẹja wà kó sì padà wálé. Bàbá Ìlàjẹ kan ló ń kọ́ mi, ẹni tí wọ́n bí sórí omi, kì í pariwo, ohun tó bá fẹ́ kó o mọ̀ á ṣe é lójú ẹ ni. Ọkọ̀ pákó ni tiẹ̀, tóóró báyìí, kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n gé lórí máa ń wà nísàlẹ̀ ẹ̀ tá a fi ń gbọ́n omi tó bá jò wọlé. Bó o ṣe máa wọ̀ ọ́ rèé: má fò sínú ẹ̀, má sì tẹ etí ẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, fi ọwọ́ méjèèjì di etí ọ̀tún àti tòsì mú, gbé ẹsẹ̀ kan sí àárín gbùngbùn, kó o jókòó kíákíá. Ẹni tó bá dìde dúró nínú ọkọ̀ kékeré tí ò sì bá a dàgbà, omi ló ń wá yẹn.

Àjẹ̀ wá. Ọwọ́ kan á wà lórí ẹ̀ pátápátá, èkejì á wà nísàlẹ̀ níbi tó ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀. Wàá na ara síwájú díẹ̀, wàá ri ewé àjẹ̀ yẹn bọ omi tán, wàá wá fà á bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ títí tó fi máa dé ibi ìdí ẹ. Ẹ̀yìn àti èjìká ni kó ṣiṣẹ́ o, tó bá jẹ́ apá nìkan lo fi ń wà á, kó tó pẹ́ apá á ti kú. Tó o bá ń wà á lápá ọ̀tún, orí ọkọ̀ á máa yà sósì, ibẹ̀ làwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ti máa ń pààrọ̀ ọwọ́ ṣáá tí omi á máa ro sí wọn lára. Bàbá kì í pààrọ̀. Tó bá ti fa àjẹ̀ dẹ́yìn tán, á yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀ báyìí, á fi ewé ẹ̀ ti omi síta, orí ọkọ̀ á sì padà sójú ọ̀nà, gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Dàpọ̀, mo lè jókòó máa wo ọwọ́ bàbá yẹn látàárọ̀ dalẹ́. Ìwọ náà lè ti máa fi dánra wò lọ́hùn-ún kí adágún yín tó dì, ṣebí o sọ pé wọ́n ń háyà kánù fún èèyàn níbẹ̀, lọ lópin ọ̀sẹ̀, kó o máa dán ọwọ́ yíyí yẹn wò.

Ohun ẹyọ kan tí mo ní kó o rà nìyí: láìfù jákẹ́ẹ̀tì méjì, tèmi àti tìẹ, kó jẹ́ èyí tí wọ́n kọ ìwọ̀n kílò sí nínú, kó sì bá ara wa mu. Mo mọ̀ pé wàá sọ pé o lè lúwẹ̀ẹ́. Òmùwẹ̀ ló ń bómi lọ. Tá a bá ti wọ̀ ọ́ létí omi, a ò ní bọ́ ọ títí a ó fi padà sórí ilẹ̀, ooru ì báà mú, fọ́tò ì báà máa pè ẹ́. Kùtù hàì la máa jáde, torí tó bá ti ń di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ máa ń ru omi gbangba yẹn sókè, ọkọ̀ kékeré á máa jó. A ò sì ní sún mọ́ ibi géètì rárá.

Nǹkan míì wà tó yẹ kó o mọ̀, mi ò sọ ọ́ kẹ́rù lè bà ẹ́ o. Àtọ̀sí ajá wà nínú omi Ọyán, èyí tí èèyàn á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Látìgbà tí dáàmù ti sé omi yẹn dúró sójú kan ló ti ń yọ àwọn ará abúlé etí omi lẹ́nu, àwọn ọmọdé pàápàá, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá rí wọn tí wọ́n ń wẹ̀ níbẹ̀. Ìgbín kéékèèké kan tó máa ń lẹ̀ mọ́ koríko etí omi ló ń gbé e, kòkòrò tó bá jáde lára ìgbín yẹn á gba awọ ara wọlé, o ò tiẹ̀ ní mu omi kó tó wọlé sí ẹ lára, kó o ṣáà ti fẹsẹ̀ lásán dúró nínú ẹ̀. Ọ̀sángangan ni wọ́n máa ń jáde jù, ìdí kejì nìyẹn tí mo fi ní ká lọ láàárọ̀. Réènbúùtù tó ga la máa wọ̀, tí omi bá sì ta sí wa lára a máa fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún kíákíá. Tó o bá padà sí Kánádà, tó bá ti tó bí oṣù méjì, lọ sọ fún dókítà ẹ pé o wọ odò ní Nàìjíríà, kí wọ́n yẹ ìtọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ẹ wò, torí ó lè má wá sọ́kàn wọn tí o ò bá sọ. Oògùn ẹ̀ wà, praziquantel ló ń jẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Ẹja wá ni. Ọparun gígùn kan, okùn ìwọ̀, òjé díẹ̀, àti ohun tó máa léfòó tá a máa gé lára sílípáàsì tó ti já, ó parí. Ekòló la máa fi ṣe ìdẹ. Ìwọ̀ kékeré ni ti epìyà torí ẹnu ẹ̀ ò fẹ̀, wàá ti ìwọ̀ gba inú ekòló láti orí ẹ̀ lọ, wàá fi ìrù ẹ̀ díẹ̀ sílẹ̀ kó máa mì. Epìyà á kọ́kọ́ máa fẹnu tọ́ ọ wò, sílípáàsì á máa jó lójú omi, ọwọ́ ẹ á máa yún ẹ pé kó o fà á, má fà á. Dúró. Tó bá rì wọlé tàbí tó gbà á lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan báyìí, ìgbà yẹn ni kó o gbé ọparun sókè. Àrọ̀ ò ní sùúrù bẹ́ẹ̀, á gbé gbogbo ẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, á sì kọrí sínú ẹrẹ̀, ìfun adìẹ ló fẹ́ràn, àwọn apẹja kan tiẹ̀ máa ń gé ọṣẹ sórí ìwọ̀ fún un. Tó o bá fẹ́ yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹ̀, ṣọ́ra fún ẹ̀gún tó wà lápá ẹ̀ méjèèjì, ẹ̀yìn orí ni kó o ti dì í mú, kí àtàǹpàkò wà lápá kan, ìka tó kù lápá kejì, lẹ́yìn ẹ̀gún yẹn gan-an.

Èyí tó bá kéré, a máa dá a padà. Ibẹ̀ gan-an ni inú ti máa ń bí mi sáwọn kan, àwọn tó ń da oògùn kòkòrò sómi kí ẹja lè kú léfòó, òfin kà á léèwọ̀, ó ń pa ọmọ ẹja àti ẹyin, ẹni tó bá ra ẹja yẹn jẹ ò mọ ohun tó ń gbé mì. Tá a bá débi tẹ́nikẹ́ni ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, a ò ní dúró. Èyí tá a bá pa lọ́wọ́ tiwa, ìyàwó mi ti ní òun máa sè é lọ́jọ́ yẹn náà, láfún á ti wà nílẹ̀.

Ti ọdẹ, ibẹ̀ ni mo ti máa já ẹ kulẹ̀ díẹ̀. O ò ní gbé ìbọn lọ́tẹ̀ yìí. Ìbọn gan-an, títí kan ṣakabùlà, láìsẹ́ǹsì ni wọ́n fi ń gbé e, mi ò ní, ìwọ náà ò ní. Ìyẹn nìkan kọ́. Ọdẹ òru, iná orí ẹ̀ ló fi ń wá ojú ẹran, ojú ẹran á tàn yọ̀ọ̀ nínú òkùnkùn, ọdẹ tó mọṣẹ́ á dúró, á wo àwọ̀ ojú yẹn, á wo bí méjèèjì ṣe jìnnà síra, á wo bó ṣe ga sílẹ̀ tó, kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹni tí ò mọ̀ ọ́n lè yìnbọn sí ewúrẹ́ onílé, ó lè yìn ín sí èèyàn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń tẹ̀ lé ọ̀gá kọ́ ọ, ìsinmi December ò lè tó o.

Ohun tá a máa ṣe ni pé mo ti bá àwọn ọdẹ kan sọ ọ́ lápá Ọ̀dẹ̀dá, a máa tẹ̀ lé wọn lọ́sàn-án, àwọn àti ajá wọn, ìwọ ṣáà máa wò kó o sì máa béèrè. Wàá gbọ́ ṣaworo lọ́rùn àwọn ajá yẹn nínú koríko kó o tó rí wọn. Ọ̀yà ni wọ́n ń wá jù. Wọ́n máa fi ojú ọ̀nà ẹ̀ hàn ẹ́, ihò tóóró tó gba ìdí koríko, koríko tó gé sílẹ̀ á wà níbẹ̀, yẹ̀ ẹ́ wò níbi tó ti fi eyín gé e, tó bá ṣì tutù á jẹ́ pé alẹ́ àná ló kọjá, tó bá ti gbẹ, má da ara ẹ láàmú. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ẹran fúnra ẹ̀ lọ. Akika, ẹran onípẹ́ yẹn, tá a bá rí i, ojú la máa fi wò ó lọ o, àtọdún 1985 ni òfin ti ń dáàbò bo irú ẹran bẹ́ẹ̀, ó sì ti ń tán nínú igbó. Tá a bá dé ọ̀dọ̀ wọn, "Àrìnpa o!" ni kó o kí wọn. Bí wọ́n bá sì gé ẹran fún wa, gbà á, dúpẹ́ dáadáa, ṣé o mọ̀ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fẹ́nì kan jẹ.

Ní ti Kánádà lọ́hùn-ún, tó o bá fẹ́ ju ìwọ̀ sómi kó o tó wálé, gba láìsẹ́ǹsì ẹja o, má jẹ́ kí wọ́n bá ẹ létí adágún láìgbà á.

Fi ọjọ́ tó o máa dé ránṣẹ́ sí mi kíákíá, torí mo ní láti sọ fún bàbá kó má gbé ọkọ̀ fún ẹlòmíì, kó o sì sọ nọ́ńbà bàtà ẹ kí n lè wá réènbúùtù sílẹ̀ lọ́jà Kútọ̀. Bá mi kí ìyàwó ẹ, sọ fún un pé mo ti ní kó o ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì kó má baà ronú. Tóun náà bá fẹ́ bá wa lọ, kó jẹ́ mẹ́ta.

Èmi ni,
Kúnlé