Ìdáhùn sí ìbéèrè Bàbá lórí àwọn ọ̀nà òkúta tó wà lókè adágún Garda

Riva del Garda,
Orílẹ̀-èdè Itálì.
Oṣù Kẹsàn-án.

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja o. Ẹ kú òjò, ẹ kú ìfaradà àìsíná. Ṣé orúnkún yín ti ń gbọ́ oògùn? Màámi ńkọ́? Gbogbo ará ilé wa ní Ìsọ̀kùn ńkọ́? Ara tèmi le, iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ tí mò ń ṣe fún àwọn oníbàárà níbí sì ń lọ.

Kẹ́hìndé ti jíṣẹ́ yín fún mi. Ẹ ní kí n dáhùn lórí ìwé, kí n má fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí ẹ ò ní gbọ́ ọ já. Ẹ ní kí ló ń ṣe òyìnbó tí yóò fi títì ọlọ́dà sílẹ̀, tí yóò gbówó kalẹ̀ kó lè gun kẹ̀kẹ́ lórí òkúta wẹ́wẹ́, nígbà tí àwa ń bẹ ìjọba títí ẹnu wa fi ń bó pé kí wọ́n bá wa da ọ̀dà sójú ọ̀nà oko? Bàbá, ẹ rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe ń bèèrè, Kẹ́hìndé sọ fún mi. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà.

Garda ni adágún tó tóbi jù ní Itálì. Níbi tó jìn jù, ó jìn tó mítà 346. Lápá àríwá tí mo wà, òkè ló há a mọ́ lọ́tùn-ún lósì, àwọn mìíràn ga ju mítà 2,000 lọ. Afẹ́fẹ́ méjì ló ń pín ọjọ́ mọ́ra wọn lọ́wọ́: Pelèr máa ń fẹ́ láti àríwá láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, Ora á gbà á láti gúúsù. Àwọn tó ń fi aṣọ ìgbòkun wakọ̀ lójú omi fẹ́ràn Ora gan-an. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, torí ojú ló máa ń fẹ́ lu èèyàn tó bá ń gba etí omi lọ sí gúúsù lọ́sàn-án.

Ọ̀nà tí mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wò ni Ponale. Látijọ́, àwọn ará àfonífojì Ledro wà lókè, Riva wà nísàlẹ̀ létí omi, gbígbé ẹrù láàárín wọn sì jẹ́ ìyà. Oníṣòwò ará Ledro kan, Giacomo Cis, ló ṣaájú tí wọ́n fi gbẹ́ ọ̀nà sí ara àpáta; wọ́n parí rẹ̀ ní 1851. Bí ẹ bá ń gùn ún lọ láti Riva, ògiri àpáta wà lọ́tùn-ún yín, ọ̀gbun àti omi wà lósì. Ẹ ó wọ inú ihò tí wọ́n lu já àpáta, òkùnkùn á ṣú díẹ̀, òtútù á kàn yín, ẹ ó tún jáde sínú oòrùn, adágún náà á sì ti jìn sísàlẹ̀ ju bí ẹ ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ọkọ̀ ti gba ibẹ̀ rí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, wọ́n lu ihò gígùn fún mọ́tò gba inú òkè, wọ́n ti ti àtijọ́ pa.

Ibi tí ìdáhùn mi wà nìyí. Wọn ò jẹ́ kí igbó gba ọ̀nà náà. Ní 2004, wọ́n tún un ṣí fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ nìkan. Òkúta wẹ́wẹ́ ló pọ̀ jù lójú rẹ̀, àmọ́ ẹnì kan ń ṣan ojú àgbàrá rẹ̀, ẹnì kan ń kó èyí tó bá já láti ara àpáta kúrò, àmì sì wà ní oríta. Ọ̀nà tí kò lọ́dà yàtọ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n pa tì, Bàbá. Èyí tí àwa ń sunkún lé lórí, wọ́n pa á tì ni. Bí wọ́n bá la ojú àgbàrá sí ọ̀nà oko wa, tí wọ́n sì ń dí kòtò kó tó di kànga, mi ò rò pé ẹ̀yin gan-an á máa dárúkọ ọ̀dà.

Tí èèyàn bá gba Ponale dé òkè, yóò kan adágún Ledro. Ó kéré sí Garda púpọ̀, ó sì wà ní mítà 655 sókè òkun, bẹ́ẹ̀ Garda ò ju 65 lọ, kí ẹ lè mọ bí ìgòkè náà ṣe tó. Ní 1929, nígbà tí wọ́n fa omi rẹ̀ wálẹ̀ nítorí iná mànàmáná, ẹgbẹẹgbẹ̀rún òpó igi yọrí nínú ẹrẹ̀: ìpìlẹ̀ ilé àwọn tó gbé ibẹ̀ ní nǹkan bí ẹgbàajì ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n ń kọ́lé sórí òpó létí omi. Ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà wa máa ń dúró sí jẹun.

Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn le á tẹ̀ síwájú lọ sí Tremalzo. Ọ̀nà ogun nìyẹn. Títí Ogun Àgbáyé Kìíní fi parí ní 1918, abẹ́ Austria ni Riva wà, orí àwọn òkè yìí sì ni ààlà wọn pẹ̀lú Itálì gbà. Àwọn sójà Itálì ló la ọ̀nà náà kí wọ́n lè gbé ìbọn àti oúnjẹ gòkè, kọ́nà lórí kọ́nà, ihò àpáta tó wà lókè pátápátá sì wà ní nǹkan bíi mítà 1,860 sókè òkun. Nígbà tí mo débẹ̀, Ìmẹ̀sí-Ilé ló sọ sí mi lọ́kàn, níbi tí Ògèdèǹgbé àti àwọn Èkìtì Parapọ̀ ti kọjú sí ibùdó Ìbàdàn lápá Ìgbájọ nígbà ogun Kírìjí. Irú òkè bẹ́ẹ̀ àti irú ìtàn bẹ́ẹ̀, tó bá jẹ́ níbí, ojoojúmọ́ ni wọn ó máa fi kẹ̀kẹ́ gbà á kọjá.

Ní ti kẹ̀kẹ́ náà, ẹ máa gbádùn èyí. Ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bíi ti oníje, ṣùgbọ́n táyà rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 40 sí 50. Kẹ̀kẹ́ ìje orí ọ̀dà lè gba gééjì 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Eléyìí, 35 ti tó, ó tiẹ̀ lè má tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò sanra. Ohun tí ẹ máa ń sọ fún àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ gbé kòkó náà ni: má fún un le jù, jẹ́ kó gba òkúta mọ́ra. Ẹ̀yin ń fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n, èmi ń fi gééjì wọ̀n ọ́n, síbẹ̀ mo ṣì máa ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ kí n tó gbé e fún oníbàárà. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní tíúbù mọ́. Omi funfun kan là ń dà sínú táyà, ó rí bí oje igi rọ́bà. Tí ẹ̀gún bá gún un, ẹ ó rí i tó ń ta sẹ́ẹ́-sẹ́ẹ́ jáde lójú ihò, ẹ yí táyà náà kí ihò kọjú sílẹ̀, kó tó yí po bíi mélòó kan, ó ti dì, ó ti dí i. Kò sí lílẹ̀, kò sí sólúsọ̀n. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní gbà á gbọ́ àyàfi tí ẹ bá rí i.

Kò sí fọganáísà lórí òkè. Mo máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé omi, pọ́ńpù, ṣéènì kékeré àti aṣọ òtútù láti ìsàlẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń yọ wá lẹ́nu pé Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná r'oko, òun gan-an ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹun níbí. Àwọn mìíràn á bi mí bóyá ará ìlú Biniam Girmay ni mí, ọmọ Eritrea tó gba ìpele mẹ́ta nínú Tour de France ní 2024. Mo ní rárá, Ìjẹ̀ṣà ni mí, òṣómàáló ni bàbá bàbá mi, ó ti gun Raleigh gbé aṣọ ta dé ibi tí kò sí títì rárá.

Ó ku ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé. Ó ní òun fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ jọ, kí wọ́n máa gun kẹ̀kẹ́ láti Iléṣà lọ sí ibi omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà. Ìmọ̀ràn tó dára ni, òun sì ni ẹ̀gbọ́n, òun ló rán mi wá tọ́ ayé wò, ó yẹ kí n jábọ̀ fún un. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó gba títì Àkúrẹ́. Tírélà ò mọ oníkẹ̀kẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó tì í lọ́jọ́ Sunday kan, kí ẹ bá a ya àwọn ọ̀nà oko sórí ìwé: èyí tí odò máa ń bò lóṣù Kẹsàn-án, èyí tí afárá rẹ̀ jẹ́ igi ọ̀pẹ, èyí tó kún fún yanrìn. Lápá Ìtagúnmódì, kó kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín ná, nítorí kòtò àwọn tó ń wa góòlù. Kò sí máàpù orí fóònù tó mọ èyí tó yín.

Mo ti fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì Màámi. Ẹ yọ owó oògùn orúnkún kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan símẹ́ńtì. Ẹnì kan ń bọ̀ wálé lóṣù Kejìlá, yóò mú táyà méjì àti ìgò omi funfun yẹn wá. Kí Kẹ́hìndé wo nọ́ńbà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà rẹ̀, kó yà á ní fọ́tò ránṣẹ́ sí mi kí oṣù yìí tó parí. Kó má fojú díwọ̀n rẹ̀ o, torí 26 àti 28 kò lè wọ rímù kan náà.

Ẹ bá mi kí Màámi.

Ọmọ yín,
Táíwò