Lẹ́tà sí ìkejì mi: àpótí oyin mẹ́ta ti dákẹ́

Ògbómọ̀ṣọ́

Ìkejì mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ kú òtútù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ńkọ́? Ara Màmá yín ti yá, orúnkún wọn ti rọlẹ̀, wọ́n ní kí o má ṣe dààmú láti fi owó ránṣẹ́ lóṣù yìí. Ìròyìn tó kù á dúró dìgbà tí a bá fojú rinjú. Ti oyin nìkan ni kò lè dúró.

Nínú àpótí mẹ́jọ tó wà létí oko kajú, mẹ́ta ti dákẹ́. Lára àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ní Sátidé ti ń sọ pé aráyé ló ṣe é. Àwọn kan ní oyin ilẹ̀ wa kò fẹ́ inú àpótí, ihò igi ló fẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé eegun. Oyin kì í fi ilé sílẹ̀ lásán. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á rí ìdí rẹ̀ nínú àpótí.

Bí oyin bá ṣí lọ fúnra rẹ̀, òkú kì í pọ̀ nílẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n á ti lá oúnjẹ inú afárá tán kí wọ́n tó gbéra, afárá á gbẹ táútáú, kò ní sí ẹyin, kò ní sí ìdin nínú ihò rẹ̀. Ebi, òùngbẹ, oòrùn tàbí ìjàlọ ló máa ń lé wọn. Bó bá jẹ́ kòkòrò dúdú kékeré nì ló ba ilé jẹ́, imú á kọ́kọ́ sọ fún ọ: afárá á máa yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, oyin á máa hó, á máa rùn bí ọsàn tó ti jẹrà. Ìdin àfòpiná ní tiẹ̀ á ta òwú bí ti aláǹtakùn bo afárá. Àmọ́ àwọn méjèèjì yẹn, ilé tí oyin rẹ̀ ti kéré ni wọ́n sábà máa ń rí gbé ṣe. Ilé tí oyin bá kún bo gbogbo afárá rẹ̀ á máa lé wọn fúnra rẹ̀.

Ọ̀kan nínú mẹ́ta tiwa ṣí lóòótọ́. Koríko ga kan ìsàlẹ̀ àpótí, ìjàlọ sì gba orí rẹ̀ gun òkè. Ohun tí mo ń tẹnu mọ́ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nìyẹn: kí àpótí ga dé ìbàdí, kí ẹsẹ̀ tábìlì rẹ̀ wà nínú agolo tí a bu ọ́ìlì ọkọ̀ àlòkù sí, kí a máa gé koríko yíká rẹ̀, kí a sì gbé omi sí nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i, pẹ̀lú òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n á máa bà lé kí wọ́n má bàa rì. Nígbà ìkórè, afárá tí wọ́n ti fi ìda dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ ni kí a gé. Èyí tí wọn kò tíì dé, omi pọ̀ nínú rẹ̀, bí omi bá sì ju ìdá 20 nínú 100 lọ, oyin náà á kan nínú ìgò. Kí a má fọwọ́ kan afárá ọmọ, ibi tí ẹyin àti ìdin wà, kí a sì ṣẹ́ oyin kù fún wọn. Ẹni tó bá kó gbogbo rẹ̀ ló fi ebi lé wọn.

Àwòrán àpótí tí o fi ránṣẹ́ dé. O ṣeun. Fífẹ̀ igi orí rẹ̀, tí oyin ń so afárá rọ̀ sí, jẹ́ mílímítà 35, oyin Yúróòpù ló bá mu. Tiwa kéré lára ju ìyẹn lọ, mílímítà 32 ni a ń gé e. Bí igi bá fẹ̀ jù, wọ́n á kọ́ afárá gba orí igi kan bọ́ sórí èkejì. Ọjọ́ tí a bá ṣí i, afárá á ya, ọmọ á dànù, inú wọn á sì ru.

Oògùn Varroa, kòkòrò tó ń lẹ̀ mọ́ oyin lára, tí o fẹ́ rà ńkọ́? Jọ̀ọ́, má rà á. Kòkòrò yẹn ti wà ní ilẹ̀ Yorùbá, ó pupa rẹ́súrẹ́sú bí eégbọn kékeré, ṣùgbọ́n oyin wa ń fara dà á ju tọ̀hún lọ, oògùn sì máa ń kù sínú ìda. Kíkà la fi ń ṣọ́ ọ. A ó gbọn oyin ìdajì kọ́ọ̀bù, nǹkan bí 300, láti orí afárá ọmọ sínú ìgò ẹlẹ́nu gbàgbà, lẹ́yìn tí a bá ti rí i dájú pé ìyá oyin kò sí níbẹ̀. A ó bu ṣúgà lúbúlúbú síbi méjì lé e, a ó fi àwọ̀n wáyà dé e, a ó rọra yí i, a ó sì gbọn ṣúgà náà sórí àwo funfun. Iye tó bá já bọ́, pín in sí mẹ́ta, o ti rí iye tó wà lára oyin 100.

Àpótí méjì tó kù ni kò jẹ́ kí n sùn. Òkú kún iwájú wọn, ó tó ìkúnwọ́ mẹ́rin, ahọ́n gbogbo wọn yọ síta gbọọrọ. Àwọn tí kò tíì kú ń gbọ̀n, wọ́n ń yí bírí lórí ilẹ̀. Oyin wà nínú afárá, ìdin wà nínú ihò, àwọn tí yóò bọ́ wọn ni kò sí. Oògùn kòkòrò ni. Àbúrò rẹ fín in sí kajú ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, nígbà tí òdòdó là tí oyin sì wà lórí rẹ̀.

Mi ò bínú sí i. Kòkòrò ń gbẹ òdòdó kajú rẹ̀ dànù, kò sì lè káwọ́ gbera. Ṣùgbọ́n oyin kan náà ló ń bá a gbé àtíkè láti òdòdó dé òdòdó kí kajú lè so. O mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ìjọsí ṣe fi wá sílẹ̀. Bí èmi bá lọ bá a, á rò pé ẹjọ́ yẹn ni mo tún gbé dé.

Bá mi pè é. Kó fín in lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀, nígbà tí oyin ti wọlé. Kó lo olómi, kó má lo oníyẹ̀fun, nítorí oyin á gbé ìyẹ̀fun wálé bí àtíkè òdòdó, á sì fi bọ́ ọmọ. Kó sọ fún wa lọ́jọ́ méjì ṣáájú: a ó fi àwọ̀n dí ẹnu àpótí lóru, a ó da àpò tútù bò ó. Ọjọ́ kan ṣoṣo ni o, ooru á pa wọ́n bó bá jù bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló tún fẹ́ fín in. Àfẹ̀mọ́júmọ́ ló máa ń gbé fóònù, kó tó lọ sóko.

Èmi ni,
Ìkejì rẹ