Ọmọ mi ń kọ́ sosiọ́lọ́jì, ẹ yé bá mi kẹ́dùn

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ìgbà tí ọmọ mi obìnrin ti wọ yunifásítì ní Ago-Ìwòyè lọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi, sosiọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ èèyàn, lòun fúnra ẹ̀ mú, bí mo bá sì ti dárúkọ ẹ̀ fún àwọn èèyàn báyìí wọ́n á máa kí mi kú ìrọ́jú bíi pé òkú kú nílé mi. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tiẹ̀ ní ṣé kò ṣeé yí sí nọ́ọ̀sì ni, kí lèèyàn fẹ́ kọ́ fún ọdún mẹ́rin nípa bá a ṣe ń gbé pọ̀, ṣebí gbogbo wa la jọ ń gbé. Kí n má parọ́, èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀.

Obì ni mò ń tà ní Sábó, Ṣágámù níbí, iṣẹ́ bàbá mi ni. Gbànja là ń kó jọ láti àwọn abúlé Rẹ́mọ, àwọn Hausa á wá gbé e lọ sókè Ọya. Họ́lídè tó kọjá ọmọ yìí tẹ̀ lé mi lọ sọ́jà, mo rò pé ó fẹ́ bá mi ṣa obì ni, àfi bó ṣe yọ ìwé àti bírò, ó jókòó ti Alhaji kan tá a ti ń bára wa ṣòwò tipẹ́. Ó ní Bàbá Alhaji, ta ló kọ́kọ́ fún yín nílé gbé nígbà tẹ́ ẹ dé? Ta lẹ lè yá lówó láìkọ̀wé? Alhaji ń dáhùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ìgbà tó yá ló bi í nípa 1999. Ọwọ́ Alhaji dúró lórí obì tó ń bó.

Ẹni tó bá wà ní Ṣágámù lóṣù keje ọdún yẹn mọ nǹkan tí mò ń wí. Ohun tí gbogbo wa máa ń sọ ni pé obìnrin Hausa kan jáde nígbà tí Orò wà níta, ìjà bẹ́, èèyàn kú, ó sì ràn dé Kano. Ibẹ̀ lèmi náà máa ń parí ẹ̀ sí. Ọmọ mi ò gbà. Ó ní Dádì, ṣé ọdún yẹn ni Orò ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni? Àbí ọdún yẹn làwọn Hausa ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Sábó? Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ọdún yẹn gan-an? Mi ò rí nǹkan sọ. Alhaji ló wá la ẹnu pé yàrá bàbá mi lòun sùn fún ọjọ́ mẹ́ta, bàbá mi jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá mi ò sọ ọ́ fún mi títí tó fi kú o! Ọmọ yẹn kọ ọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i nídìí.

Àwọn tó ń pe sosiọ́lọ́jì ní ìwé òyìnbó, ṣé wọ́n mọ Fádípẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tó fi ìwádìí lórí bí àwa Yorùbá ṣe ń gbé pọ̀ gba oyè dókítà ní yunifásítì ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1939? Ó kú ní 1944, 1970 ni wọ́n tó tẹ iṣẹ́ ẹ̀ jáde n'Ìbàdàn. Akíwọwọ, ọ̀jọ̀gbọ́n sosiọ́lọ́jì ní Ifẹ̀ ńkọ́, inú ẹsẹ Ifá ló ti yọ àsùwàdà, àlàyé tiẹ̀ lórí bí èèyàn ṣe ń kóra jọ gbé pọ̀. Àní regberegbe, ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, tá à ń rọ́ lọ wò l'Ójúde Ọba n'Ìjẹ̀bú-Òde, aṣọ àti ẹṣin nìkan là ń rí, a kì í bi bí wọ́n ṣe ń kóra jọ.

Ti àwọn tó ní kò ní ríṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹnjiníà ń gun ọ̀kadà ní Nàìjíríà yìí. Ọsibítù ńlá ń lo àwọn tó ka sosiọ́lọ́jì, ọgbà ẹ̀wọ̀n ń lò wọ́n, bánkì náà.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì. Alhaji ní tiẹ̀ kò yéé bi mí ìgbà tí ọmọ máa padà wá, ó ní ó ku nǹkan tóun ò tíì sọ.

Èmi ni tiyín,
Ọlọ́bì Sábó, Ṣágámù.