Ta ló ní kí ẹ ka oògùn mi fún ọ́fíìsì?

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Tíṣà ni mí nílé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan n'Ìbàdàn. Lóṣù tó kọjá, akápò wa bá mi níbi tí mo ti ń ra púfúpúfù, ó ní, "Àǹtí, ẹ rọra o, nítorí ṣúgà yín." Ọkọ mi nìkan ni mo sọ fún!

Àṣé ilé-iṣẹ́ adójútòfò ìlera wa ló fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì: orúkọ wa, àìsàn wa, oògùn wa, títí kan oyún ẹnìkan tí ìyá rẹ̀ gan-an ò tíì gbọ́.

Abala 26 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-Èdè ti ọdún 2014 ní àṣírí lọ̀rọ̀ ìtọ́jú aláìsàn. Láìjẹ́ pé ó fọwọ́ síwèé, tàbí tí ilé-ẹjọ́ tàbí òfin pàṣẹ, wọn ò gbọdọ̀ tú u síta bẹ́ẹ̀ yẹn. Òfin ààbò dátà ti 2023 náà wà ńlẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ adójútòfò náà ní mo fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Mo padà kà á: kí dókítà sọ fún wọn kí wọ́n lè sanwó ni mo gbà, n ò dárúkọ akápò. Iye owó nìkan ló kàn án. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti kọ̀wé sí wọn, wọn ò fèsì.

Olùkọ́ kan,
Ìbàdàn