Ta ló ni ife 1979?

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Láti ìgbà tí Oklahoma City Thunder ti gba ife NBA, líìgì bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n Amẹ́ríkà, lọ́dún 2025 ni iyàn kan ò ti tán lẹ́nu àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n lẹ́yìn ilé wa ní Ìta Ẹlẹ́wà, níbi tí wẹ́dà ti bá wọn jó rímù kẹ̀kẹ́ mọ́ òpó irin. Wọ́n ní ife kejì ẹgbẹ́ náà nìyẹn, torí Seattle SuperSonics ni wọ́n kó lọ sí Oklahoma lọ́dún 2008 tó di Thunder, NBA fúnra rẹ̀ sì ka ife tí Sonics gbà lọ́dún 1979 mọ́ ọn. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ pa á lówe fún mi: ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Lóòótọ́ ni NBA kà á bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi ò gbà. Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n lè rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀.

Láti 1967 ni Sonics ti wà ní Seattle. Àwa tí a máa ń ti Houston lẹ́yìn nítorí Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó, ò lè gbàgbé wọn, torí àwọn ni wọ́n lé e sílé lọ́dún 1993, tí wọ́n tún fi ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́rin sí òdo lé e lọ́dún 1996. Àfi bí ẹni tó ni wọ́n, Howard Schultz, bàbá kọfí Starbucks, ṣe tà wọ́n lọ́dún 2006 fún Clay Bennett àtàwọn olówó Oklahoma kan ní mílíọ̀nù 350 dọ́là. Àwọn yìí ní kí ìjọba kọ́ gbọ̀ngàn tuntun tí owó rẹ̀ tó mílíọ̀nù 500 dọ́là. Àwọn aṣòfin ní àwọn ò ṣe. Ní oṣù kẹjọ 2007, Aubrey McClendon tó wà lára wọn bá ìwé ìròyìn kan sọ ọ́ gbangba pé kì í ṣe torí kí ẹgbẹ́ náà lè máa gbé Seattle làwọn ṣe rà á. NBA bu ìtanràn 250,000 dọ́là lé e. Ìtanràn lórí òótọ́ ọ̀rọ̀!

Kí sáà ìkẹyìn, ìyẹn 2007 sí 2008, tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti fún Boston ní Ray Allen, ìràwọ̀ agbábọ́ọ̀lù wọn, Rashard Lewis tóun náà jẹ́ ìràwọ̀ ti gba Orlando lọ. Àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù á ní ẹgbẹ́ ni wọ́n ń tún tò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ra ilé, tó ń tú páànù rẹ̀ tà, kò ní in lọ́kàn láti sùn níbẹ̀. Allen gba ife pẹ̀lú Boston ní sáà yẹn gan-an. Ẹni tó kù fún Seattle ni ọmọdé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ọmọ ọdún 19, Kevin Durant. Ifẹsẹ̀wọnsẹ̀ 82 ni wọ́n gbá, 20 péré ni wọ́n jẹ. Kò burú tó bẹ́ẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀.

Síbẹ̀, nígbà tí Dallas wá bá wọn ní KeyArena ní ọjọ́ 13 oṣù kẹrin 2008, èrò kún inú gbọ̀ngàn. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ìgbà ìkẹyìn nìyẹn. Wọ́n ń pariwo kí wọ́n má gbé ẹgbẹ́ àwọn lọ, Durant náà ń gbọ́wọ́ sókè sí wọn kí ariwo lè pọ̀ sí i. Seattle jẹ, 99 sí 95. Ní ọjọ́ 16 oṣù náà, Durant ju àmì 42 ní ilé Golden State, Seattle tún jẹ. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn ìyẹn, àwọn tó ni ẹgbẹ́ NBA dìbò: 28 ní kí wọ́n máa lọ, méjì péré kọ̀. Mark Cuban, ẹni tó ni Dallas tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà nígbà náà, wà nínú àwọn méjì yẹn.

Ìlú Seattle ò káwọ́ gbera. Ìwé àdéhùn gbọ̀ngàn náà ṣì ní ọdún méjì nílẹ̀, wọ́n sì ti gbé Bennett lọ sí kóòtù látọdún 2007. Ní oṣù keje, ó gbà láti san mílíọ̀nù 45 dọ́là kó lè tètè kó ẹrù rẹ̀. Àwọn kan ní owó kékeré ni, mi ò bá wọn jiyàn. Ohun tó wú mi lórí ni pé ìlú náà gba orúkọ Sonics àti àwọ̀ ewé òun wúrà wọn dúró sílé. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ Thunder ni wọ́n ń pè wọ́n ní Oklahoma. Ife 1979 náà ò kúrò ní Seattle. Ẹ̀yin ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù ò ṣe bá ẹrú lọ.

Storm, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, wà lọ́wọ́ àwọn olówó yẹn kan náà, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin Seattle kan rà á lọ́wọ́ wọn lọ́dún 2008. Kò kúrò níbẹ̀ dòní, ó sì ti gba ife ní 2010, 2018 àti 2020.

Kí ló wá kan Ìkòròdú? Láti 2024 ni Ikorodu City ti wọ líìgì àgbà bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ Nàìjíríà, inú wa sì ń dùn. Ṣùgbọ́n Oníkan ni wọ́n ti ń gbàlejò. Ẹni tó bá fẹ́ wò wọ́n láti ìlú Ayangbùrẹn á la Mile 12 kọjá, á gun Third Mainland, kó tó rí ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ìlú rẹ̀. Mi ò ní ẹnikẹ́ni ń gbèrò láti gbé wọn lọ, ẹ má fi ìyẹn sí mi lẹ́nu. Ìwé àdéhùn tó sọ ẹni tó ni orúkọ náà nìkan ni mò ń béèrè.

Kí akọ̀ròyìn yín bá wa bi àwọn aláṣẹ ẹgbẹ́ náà àti ìjọba ìbílẹ̀: bí wọ́n bá ta ẹgbẹ́ náà lọ́la, ta ni orúkọ Ìkòròdú máa kù sí lọ́wọ́? Ìgbà wo la máa gbàlejò nílé? Tí wọ́n bá dáhùn, ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé eré ìdárayá gan-an ni kí ẹ gbé e sí, kì í ṣe abẹ́ ìpolówó tẹ́tẹ́ níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti ní rí i.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Ìta Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú.