Ọba Ùsáyà àti Ilé-Ìṣọ́ Rẹ̀

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n nínú Olúwa, mo kí yín ní orúkọ Jésù.

Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ Bíbélì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ológun níbí ní Amẹ́ríkà dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ń kọ́ wa pé a gbọ́dọ̀ lágbára ju ọ̀tá lọ níbi gbogbo tí ogun bá ti lè ṣẹlẹ̀. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni ká máa lé irú agbára bẹ́ẹ̀?" Mi ò dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n sùn.

Ẹ̀kọ́ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 2000 ni àwọn ọ̀gágun àgbà ilẹ̀ yìí gbé ìwé kan jáde tí wọ́n pè ní Joint Vision 2020. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni pé kí apá wọn ká gbogbo pápá: ilẹ̀, òkun, òfuurufú, gbalasa níbi tí àwọn sátẹ́láìtì wà, títí kan ìròyìn tó ń lọ tó ń bọ̀. Ní oṣù Kejìlá 2019, wọ́n dá Space Force, ẹ̀ka iṣẹ́ ológun tuntun, sílẹ̀ fún ti gbalasa nìkan. Kí n má purọ́ mọ́ wọn, ìwé náà fúnra rẹ̀ sọ pé ẹ̀mí yóò ṣì máa ṣòfò bí agbára bá tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo yìn wọ́n fún òótọ́ yẹn.

Ìwé náà ò tíì pé ọdún méjì tí àwọn ọkùnrin 19 fi ọ̀bẹ kéékèèké gba bàálù mẹ́rin ní September 11, 2001. Ọ̀kan nínú bàálù náà já lu Pentagon gan-an, olú-ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà. Ó kù díẹ̀ kí àwọn tó kú lọ́jọ́ náà pé 3,000. Ogun Afghanistan tó tẹ̀lé e gba 20 ọdún. Taliban, àwọn tí Amẹ́ríkà ń bá jà níbẹ̀, ò ní bàálù kan tó lè bá Amẹ́ríkà du ojú sánmà, síbẹ̀ àwọn ló wọ Kabul ní August 15, 2021. Ọmọ ogun Amẹ́ríkà tó lé ní 2,400 ló kú sí ogun yẹn. Àwọn ará Afghanistan tó bá a lọ pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì, abiyamọ ló sì bí gbogbo wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣí 2 Kíróníkà 26. Ọmọ ọdún 16 ni Ùsáyà nígbà tó jọba ní Júdà. Ó kọ́ ilé-ìṣọ́ sí àwọn ẹnubodè Jerúsálẹ́mù, ó kọ́ òmíràn sí aginjù, ó gbẹ́ kànga. (Ó fẹ́ràn iṣẹ́ oko, mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn púpọ̀.) Ọmọ ogun rẹ̀ jẹ́ 307,500. Àwọn ọlọ́gbọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń ta ọfà, tó sì ń ju òkúta ńlá láti orí odi. Bíbélì ò bá a wí fún èyíkéyìí nínú wọn. Ọlọ́run ló ràn án lọ́wọ́.

Ìgbà tó wá lágbára tán ni ọkàn rẹ̀ gbéra ga. Ó gbé àwo tùràrí, ó wọ tẹ́ḿpìlì lọ, ibi tí kì í ṣe tirẹ̀. Àlùfáà Àsáríà àti 80 àlùfáà míì lọ dá a lẹ́kun. Bó ti ń bínú sí wọn ni ẹ̀tẹ̀ yọ níwájú orí rẹ̀. Ilé àdágbé ló wà títí ó fi kú.

Ọmọ mi, ìdáhùn mi rèé. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú ṣíṣọ́ ẹnubodè. Ẹni tó bá wá gbà pé kò sí ìlẹ̀kùn kankan láyé tí òun ò gbọdọ̀ wọ̀, ẹni náà ti gba ipò Ọlọ́run. Bí wọ́n bá rán ọ níṣẹ́, máa béèrè ìlẹ̀kùn ta ni.

Ní ìṣọ́ òru Jímọ̀ tó ń bọ̀, kí gbogbo òbí tó ní ọmọ lẹ́nu iṣẹ́ ogun kọ orúkọ ọmọ náà sílẹ̀ fún akọ̀wé ìjọ. A ó pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan níwájú Olúwa. A ó sì gbàdúrà fún àwọn tí wọ́n bá kọjú ìbọn sí.

Èmi ni olùṣọ́-àgùntàn yín.